Ìkùdu Ìkẹyìn

"Ṣí i!"

Bí Ẹ̀gbọ́n ti pariwo láti ìdí ẹ̀rọ báyìí ni Ṣẹ̀lẹ̀rú fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin ilẹ̀kùn omi mú, ó fà á sókè, omi odò sì já wọlé bí ẹran tí wọ́n tú lórí ìso. Ó sáré gba inú gọ́tà, ó kọlu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbé ohùn sókè. Èso kọfí pupa tó kún ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọlé. Kóró jáde lápá kan, ó funfun, ó ń yọ̀ bí ara ẹja. Èèpo jáde lápá kejì. Àwọn obìnrin tó ru èso sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè hó yèè, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo jó.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀!" ni Ṣẹ̀lẹ̀rú wí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó tẹ̀ lé omi náà lọ sísàlẹ̀, eré ló ń sá.

Ṣẹ̀lẹ̀rú kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní kékeré, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ: láti ìgbà tó bá ti jí ni ọ̀rọ̀ á ti máa sun, ó di ìgbà tí oorun bá gbé e lọ. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Ó dàgbà tán, ó di ẹni tó ń ṣàkóso omi ní ilé ìfọ̀, níbi tí gbogbo àgbẹ̀ orí òkè ti ń bó kọfí wọn, tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti ń sá a. Òun àti Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ni bàbá wọn fi ilé ìfọ̀ náà àti oko kọfí tó tóbi jù lórí òkè sílẹ̀ fún.

Ilé ìfọ̀ wà lókè, ibi tí omi rẹ̀ ti ń padà sódò wà nísàlẹ̀. Ìkùdu mẹ́rin tuntun ló wà láàárín wọn, ọ̀kan rẹlẹ̀ ju ọ̀kan lọ bí àtẹ̀gùn. Òun ló ronú wọn. Òun ló bẹ àwọn àgbẹ̀, tó fi wọ́n ṣẹ̀sín, tó tún kọrin fún wọn, títí wọ́n fi lo gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ láti gbẹ́ wọn. Omi tó bá ti fọ kọfí tán kò gbọdọ̀ lọ tààrà sódò mọ́. Yóò kọ́kọ́ sinmi ní ìkùdu àkọ́kọ́, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rì. Ní ìkejì, wọ́n á da eérú sí i kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀. Ìkẹta kún fún eèsún, ojú-oró àti òṣíbàtà, kí gbòǹgbò wọn lè mu èyí tó bá kù. Lẹ́yìn náà ni ìkùdu ìkẹyìn yóò gbà á, bó bá sì mọ́ níbẹ̀, ó di ti ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ti wá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀.

Baba Apẹja ni, lórí àpótí, pẹ̀lú àwọn ará abúlé rẹ̀ bíi mélòó kan. Ó ti ri ìgèrè ńlá kan sínú ìkùdu ìkẹyìn, tí wọ́n ti fi omi odò kún dé ààbọ̀, ó sì fi okùn so ó mọ́ èèkàn. Ààyè ẹja ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fi garawa rù wá láti odò tirẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Baba."

"Ìjókòó kọ́, ìṣọ́ ni. Mò ń ṣọ́ ẹja mi."

"Ẹja yín á gbádùn débi pé wọn ò ní fẹ́ bá yín lọlé mọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Baba, ó gbé e mì. "Ẹnu rẹ dùn. Omi rẹ ni mo wá wò."

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Ní ìkórè tó kọjá, ẹja kú lódò wọn. Wọ́n léfòó lọ súà, ikùn sókè, títí àwọn ọmọdé fi ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ewé. Baba Apẹja kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó rù wọ́n gun òkè, ó sì dà wọ́n sórí ẹní tí wọ́n ń sá kọfí sí. "Ẹ ní ẹ kì í lo oògùn," ló sọ. "Kí ló wá pa ìwọ̀nyí?"

Òótọ́ ni pé wọn kì í lo oògùn. Abẹ́ igi ni kọfí wọn ti ń dàgbà, lábẹ́ àwọn àyìnrẹ́ àgbà tí bàbá wọn bá níbẹ̀, tí òun náà kò sì gé. Ewé igi ń jábọ́, ó ń di ajílẹ̀; ẹyẹ ń ṣa kòkòrò jẹ; oòrùn ọ̀sán gangan kò lè ṣe ju kó yọjú lọ. Bí èèyàn bá ti ojú ọ̀nà wọ oko náà, ara rẹ̀ á tutù bíi pé ó wọ inú yàrá. Àwọn tó ń ra kọfí wọn a máa ti òkèèrè wá ya fọ́tò àwọn ẹyẹ ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹja kú, gbogbo ará òkè búra pé ọwọ́ àwọn mọ́, Ṣẹ̀lẹ̀rú náà sì bá wọn búra. Àfìgbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé omi ìfọ̀ lọ, tó gbọ́ òórùn rẹ̀, tó rí bó ṣe ń hó, ló tó yé e. Kì í ṣe oògùn. Adùn kọfí gan-an ni. Oje tó lẹ̀ mọ́ kóró, bó bá dé inú odò, á kan, á sì gba gbogbo èémí inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn lókè ló ń di májèlé nísàlẹ̀.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe lé e lórí le gan-an. Níkẹyìn, abúlé méjèèjì fẹnu kò: ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ kọfí lọ́dún yìí, kí ẹja wà nínú ìkùdu ìkẹyìn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí wọ́n bá yè, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá kú, ilé ìfọ̀ di títì pa.

Ohun tí Baba Apẹja kò mọ̀ ni ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún Ṣẹ̀lẹ̀rú nígbà tí wọ́n ń ti ìpàdé náà bọ̀. "Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, mo máa gé igi. Kọfí tí a ò rí fọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo máa gé wọn, mo máa gbin nǹkan mìíràn. Kò sì sẹ́ni tí kò ní gé tiẹ̀ lórí òkè yìí." Láti ìgbà náà ló ti ń wo àwọn àyìnrẹ́ bàbá wọn bí ẹni tó ń wo pákó.

Omi dé ìkùdu àkọ́kọ́. Ó pọ́n, ó dúdú, ìfófòó bò ó lórí, òórùn rẹ̀ sì dùn tán ó tún ń kan nímú. Ṣẹ̀lẹ̀rú dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ó kún. Ó ṣàn lọ sí ìkejì. Àwọn obìnrin méjì da eérú sí i, wọ́n ń fi igi rò ó. Ìfófòó náà rọlẹ̀. Ó wọ inú eèsún, ó wá ṣe ohun tó wu Ṣẹ̀lẹ̀rú jù lọ: ó fa ẹsẹ̀. Omi tó ti ń sáré látòkè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ láàárín gbòǹgbò, bí àlejò tó wọ ilé tó bá àwọn àgbà ní ìjókòó.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọn!" ló ń pariwo. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fò láti etí ìkùdu kan sí etí èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kò tíì jẹun. Inú rẹ̀ ń dùn, àyà rẹ̀ ń já, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ gbọ́ tiẹ̀.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú ìkùdu ìkẹyìn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kò mọ́ bí omi òjò, ṣùgbọ́n wọ́n rí ìsàlẹ̀ ìgèrè, wọ́n sì rí ìrù tó ń jù. Baba Apẹja bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án. Ó tún wo inú ìgèrè.

"Omi náà wá ńkọ́, Baba?"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀," ló wí. Àmọ́ ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ etí omi, bí ẹni tó fẹ́ gbádùn ìran.

Ìyẹn tó fún Ṣẹ̀lẹ̀rú. Ó ta kìjí, ó ń sáré gòkè láti lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n.

Kò tíì dé òkè tó fi gbọ́ pé ohùn ẹ̀rọ ti yí padà. Òjò ti ṣú lẹ́yìn òkè, ẹ̀rù sì ti ba àwọn àgbẹ̀. Gbogbo wọn ru èso wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Apẹ̀rẹ̀ kún àgbàlá, wọ́n ń tira wọn. Nínú táǹkì, kóró tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ bó lánàá ti kan tó, ó ń dúró de fífọ̀. Ẹ̀gbọ́n sì ti fa ilẹ̀kùn omi sókè débi tó lè dé.

"Ó ti pọ̀ jù, Ẹ̀gbọ́n!"

"Èso ló pọ̀! Àbí kí n ní kí wọ́n rù ú padà?"

Kó tó fèsì, igbe ta nísàlẹ̀.

Ògiri ìkùdu kejì ni. Omi ti rí ibi tí amọ̀ rẹ̀ rọ̀, ó ń gbẹ́ ẹ bí òkété. Nígbà tí Ṣẹ̀lẹ̀rú dé ibẹ̀, ihò náà kò ju ibi tí ọwọ́ lè wọ̀. Kó tó mí kanlẹ̀, ó ti gba orí èèyàn. Bí ògiri náà bá wó, gbogbo kíkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbá kọjá lórí eèsún láìsinmi, ó di inú ìkùdu ìkẹyìn. Baba Apẹja ti dìde dúró. Okùn ìgèrè wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀; bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹja rẹ̀ á yè, ẹjọ́ á sì ti parí síbẹ̀. Kò fà á. Ó wo Ṣẹ̀lẹ̀rú.

"Omi rẹ ń bọ̀ o," ló sọ. Kò pariwo, ó sì dà bíi pé àánú wà nínú ohùn rẹ̀.

Ṣẹ̀lẹ̀rú yí padà, ó tún gun òkè náà. Kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ó fi gbogbo ara lé irin ilẹ̀kùn omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Gọ́tà gbẹ. Ẹ̀rọ húkọ́, ó kú.

"Kí lo ṣe yẹn?" Ẹ̀gbọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo tì í."

"Kóró inú táǹkì ńkọ́? Bí a ò bá fọ̀ ọ́ báyìí, ó máa bàjẹ́. Ti gbogbo èèyàn ni, kì í ṣe tiwa nìkan! Ṣí i!"

"Mi ò ní ṣí i, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

Gbogbo àgbàlá yíjú sí wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kí Ṣẹ̀lẹ̀rú kọ̀ sí Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Òun gan-an kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ rí. Ó dúró níbẹ̀, ó di irin náà mú, ó ń mí hẹlẹ. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sínú táǹkì. Omi wà níbẹ̀. Omi tún wà nínú kòtò abẹ́ táǹkì, èyí tó kọjá lára kóró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń retí kí wọ́n dà á nù.

Ó kọjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí omi bá wọ́n, tẹ́ ẹ bá fọ aṣọ funfun tán, ṣé ẹ máa ń da omi rẹ̀ nù?"

"Ká dà á nù kẹ̀?" ni èyí tó gbé apẹ̀rẹ̀ jó láàárọ̀ dáhùn. "Kí la fẹ́ fi fọ aláwọ̀? Èyí tó bá fọ aláwọ̀ tán náà ni yóò fọ ṣòkòtò oko."

"Ẹ gbé garawa."

Ó yé wọn kó tó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìwọ̀nba omi tó mọ́ ṣan kóró tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Omi yẹn kan náà ni wọ́n gbé lọ fọ èyí tó ṣì ń yọ̀, wọ́n tún gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ láti fi bó èso tuntun. Garawa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, omi ń ta sí wọn lára, ẹnì kan dá orin, àwọn yòókù gbè é.

"Kọfí kì í ṣe ṣòkòtò!" ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ láti ẹ̀gbẹ́ kan. "Ta ló ń fi omi ìdọ̀tí fọ nǹkan?"

"Ẹ fọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wò ó," ni Ṣẹ̀lẹ̀rú wí.

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣe bíi pé òun kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó ki ọwọ́ bọ inú táǹkì, ó bu kóró, ó fún un pọ̀ nínú ìkúùkù. Kò yọ̀. Ó ń dún gírígírí bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó bu òmíràn. Ó wo gọ́tà gbígbẹ, ó wo ilẹ̀kùn omi tó wà ní títì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sáàárín ìlà, ó ní, "Ẹ kánjú ẹ jàre, garawa yẹn ń falẹ̀ jù."

"Ṣòkòtò oko náà ló dé yìí o!" ni obìnrin alápẹ̀rẹ̀ pariwo, ẹ̀rín sì pa gbogbo wọn débi pé omi garawa kan dànù.

Nígbà tí Ṣẹ̀lẹ̀rú ráyè sọ̀kalẹ̀, ó bá Baba Apẹja nínú ìkùdu kejì. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, omi mù ún dé àyà, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ológun. "Ẹ mú eèsún wá! Ẹ dì í ní ìdì-ìdì! Amọ̀, ẹ fún mi lámọ̀! Ọkọ̀ tó bá ń jò, ẹnu kọ́ là ń fi dí i!" Àwọn ará òkè tí kò kí àwọn ará ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ ìpàdé ló ń gba amọ̀ lọ́wọ́ wọn yìí, tí wọ́n ń pe ara wọn ní àna mi. Baba gbé ẹ̀yìn lé ìdì eèsún tó gbẹ̀yìn, ó tì í wọlé, omi náà gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, ó sì dúró.

"Baba, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an."

"Má dúpẹ́. Ẹja mi ni mo ń gbà là." Ẹrẹ̀ ti dé ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó yọjú sí ìgèrè, ó tún padà sórí àpótí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sún díẹ̀ kí Ṣẹ̀lẹ̀rú lè ríbi jókòó.

Òjò náà ṣú títí, ó yà síbòmíràn.

Nígbà tí oòrùn wá ń wọ̀, kò sẹ́ni tó kù lókè. Gbogbo wọn yí ìkùdu ìkẹyìn ká, àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Baba Apẹja tú okùn lára èèkàn, ó fà á. Ìgèrè náà yọ, omi ń ṣàn lára rẹ̀, gbogbo inú rẹ̀ sì ń jà: ìrù ń lù, ara ń dán, ọ̀kan fò, ó ta ẹrẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n lójú. Ariwo ta. Ṣẹ̀lẹ̀rú ti na ọwọ́ sókè kó tó rí èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò mira.

Ariwo náà dá. Baba Apẹja ki ọwọ́ bọ inú ìgèrè, ó mú ẹja náà jáde. Ó ṣí ibi tó fi ń mí lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Èyí ti ń ṣàárẹ̀ láti ilé," ló sọ níkẹyìn. "Mo rí i nígbà tí mò ń kó wọn sí garawa."

Ṣẹ̀lẹ̀rú wo ojú rẹ̀. Baba kò wo tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

"Amọ̀ yín kò dáa," ló tún sọ, ó ń wọ ẹ̀wù rẹ̀. "Ó niyanrìn nínú. Ti ọ̀dọ̀ wa dáa jù ú lọ. Lọ́la, màá mú un wá, a ó tún ògiri yẹn mọ."

Ó di ariwo ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, ẹrẹ̀ ń ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀. Ó yíjú sí òkìtì èèpo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lókè, ó wo àwọn igi tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wò wọ́n pẹ́. "Èèpo yẹn," ló sọ fún àwọn tó wà nítòsí, "tó bá ti jẹrà, ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò. Ìdí àwọn àyìnrẹ́ ni ká kó o lọ. Àwọn náà ń ṣiṣẹ́."

Ṣẹ̀lẹ̀rú fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, ó gòkè lọ wo ilẹ̀kùn omi kó tó lọ sílé. Apá ń ro ó, ohùn rẹ̀ ti há, síbẹ̀ ó ṣì ń dá rẹ́rìn-ín. Irin náà wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ń mì í wò bóyá ó le dáadáa ló bá gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, láàárín igi. Ó kọ́kọ́ rò pé òjò ti padà. Ó gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Odò ni. Ó ń já láti orí òkúta kan sí èkejì, ó ń dún, ó ń hó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ rẹpẹtẹ nínú òkùnkùn abẹ́ igi.

Gbogbo ìkórè tó ti rí láyé, láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, odò yìí kì í dún. Ó máa ń rọra fà lọ ni, bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Òun ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, pé odò náà a máa dákẹ́ bí kọfí bá ti pọ́n. Kò tíì sí ìkórè kan rí tí ilẹ̀kùn omi wọn wà ní títì lásìkò yìí. Ilé ìfọ̀ wọn ló ti ń mu ún.

Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ru garawa méjì tí wọ́n gbàgbé. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ gbọ́."

Ó gbé garawa sílẹ̀. Ó tẹ́tí. "Kí nìyẹn?"

"Odò ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀kùn omi tó wà ní títì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó jókòó sórí ògiri gọ́tà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, Ṣẹ̀lẹ̀rú náà sì jókòó tì í.